Orúkọ Inú Ìwé àti Ọ̀sẹ̀ Ifá: Ta Ni Ọmọ Ìjọ Ọ̀rúnmìlà?



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ní Victoria Garden City níhìn-ín, ní ojú ọ̀nà Ajah: "Bàbá, níbo ni mo ti lè kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n di ọmọ ìjọ?" Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń béèrè rẹ̀ ni a bí sí ilé Kìrìsìtẹ́nì tàbí ilé Mùsùlùmí, orúkọ wọn sì ti wà nínú ìwé ìjọ kan láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ní ilé olúwo mi tí mo ti kọ́ Ifá, n kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ ó ní ìtàn, ìtàn náà sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ní Èkó yìí. Mo fẹ́ pa ìtàn náà, nítorí bí a bá ṣe dá ìbéèrè yìí lóhùn ni yóò fi hàn bóyá àwọn ọmọ wa yóò jogún Ifá, tàbí wọn yóò kàn jogún ikin tí wọn kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe.

Láyé àtijọ́, a kì í wọ ẹ̀sìn òrìṣà bí ẹni ń wọ ẹgbẹ́. Bí a bá bí ọmọ, a ó ṣe ìkọ́sẹ̀dáyé rẹ̀, Ifá yóò sì sọ ohun tí yóò máa bọ àti èèwọ̀ tí yóò máa pamọ́. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, bàbá lè máa bọ Ògún, kí ìyá máa bọ Ọ̀ṣun, kí Ifá ó sì fa ọmọ wọn lé Ọbàtálá lọ́wọ́, láìsí ìjà. Bí ó bá yá, a lè fún ọmọ náà ní ọwọ́ Ifá kan. Bí ó bá sì tó àkókò, a ó mú un wọ igbódù láti tẹ̀ ẹ́ nífá. Kò sí ìwé orúkọ kankan. Agbo ilé ni ìwé náà, àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n sì ń kà á.

Èkó ni ó tú agbo ilé náà ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò ń wá láti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, oníkálukú sì ń gba yàrá láàrin àwọn tí kò mọ ìdílé rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn yòókù ti ní ohun tí wọ́n fi ń kó ara wọn jọ. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì aláwọ̀ dúdú ti dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀ ní 1901. Ní 1923, àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà. Láàrin àkókò yìí, ní 1920, ni Ọlọ́runfúnmi Oshiga, tí ó ti wà nínú ìjọ Kìrìsìtẹ́nì tẹ́lẹ̀, dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí Ifá. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni E. M. Lijadu, ajíhìnrere ní Oǹdó, ti kọ ìwé lórí Ifá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsìn Jésù ni ó ń wàásù rẹ̀. Nígbà tí ó di 1943, A. Fagbenro Beyioku, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ nínú Ọ̀rúnmìlà, tẹ ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Orunmilaism jáde.

Nínú Ìjọ Ọ̀rúnmìlà, wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọ orin ìjọ, wọ́n ń wàásù láti inú Odù, wọ́n sì ń pàdé ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn babaláwo kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wò kọ́. Èmi kò bá wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó kò lè pa iṣẹ́ tì nítorí pé ọjọ́ Awo pé. Ọjọ́ Àìkú ni ọ́fíìsì ń tì. Bí wọn kò bá pàdé ní ọjọ́ náà, wọn kì bá tí rí ara wọn rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wa: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Bí àwọn àgbà bá ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọn a ní ọrọọrún ni. Ọ̀sẹ̀ Ifá ń pé ní ìgbà 91 lọ́dún, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ 52. Àwọn méjèèjì kì í pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọjọ́ 28. Ní ti ìtàdógún, tí àwọn awo máa ń pé jọ, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 112 ni ó ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rántí Ifá ní ọjọ́ Àìkú nìkan, tí kò bọ ọ̀sẹ̀ nílé, ìgbà 13 péré nínú 91 ni yóò wà níwájú Ifá ní ọjọ́ tí Ifá ń retí rẹ̀.

Ìwòrì Méjì ni ó ń là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Odù náà, Ọ̀rúnmìlà ṣe ọdún, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ. Alárá dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ ní àbọrú àbọyè. Ajerò ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ̀ nìkan ni ó dúró ṣanṣan tí kò kí i, nítorí pé òun náà dé adé bí bàbá rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀, ayé sì dàrú: aboyún kò bí mọ́, òjò kò rọ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, kò padà wálé. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó fi lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ń fẹ́ ire.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ni Ọlọ́wọ̀. Bí ìwé orúkọ bá wà lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ìkíni ni ó kọ̀. Ẹ sì kíyè sí ohun tí bàbá fi rọ́pò ara rẹ̀: kì í ṣe ilé ìsìn, ohun tí a ń gbé sọ́wọ́ tí a sì ń bi léèrè ni.

Ìjọba pàápàá kò ní ìwé tí a fi lè ka ara wa. Ìkànìyàn 1963 ni ó béèrè ẹ̀sìn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ti 1991 àti ti 2006 kò béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè, mo mọ àwọn tí ó ní ikin nínú ilé tí yóò kọ ẹ̀sìn mìíràn sílẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí UNESCO kéde Ifá ní 2005, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 2023. Àmọ́ ìkéde àti ìsinmi kò lè bá ẹnikẹ́ni bọ Ifá nílé rẹ̀.

Ní àdúgbò wa níhìn-ín, ògiri ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká, ọ̀pọ̀ sì ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ọkọ̀ má baà dí ọ̀nà Lẹ́kí mọ́ wọn lójú. Ìlù kò ṣeé lù lóru. Ọ̀sẹ̀ Ifá kò béèrè gbogbo ìyẹn. Fọ ẹnu rẹ, bu omi tútù, gbé obì alawẹ́ mẹ́rin, kúnlẹ̀ níwájú Ifá, kí i, ṣe ìwúre, dá obì náà, kí o sì pe ọmọ rẹ kí ó wá dáhùn àṣẹ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọmọ tí ó bá ti dáhùn àṣẹ lẹ́ẹ̀mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ́dún kò ní béèrè ohun tí ikin wà fún.

Nítorí náà, èsì tí mo ń fún àwọn tí ń bi mí nìyí. Bí ìjọ kan bá wà ní tòsí rẹ, kọ orúkọ rẹ. A nílò kí a mọ ara wa, kí a máa bẹ aláìsàn wò, kí a máa sin òkú wa bí ó ti yẹ. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ṣùgbọ́n bá olúwo rẹ ka ọjọ́ Awo kí o tó kúrò níwájú rẹ̀, kí o sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ rẹ ní èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé.

Kí Ọ̀rúnmìlà ó gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.