Orúkọ Wo La Ó Pe Ọkọ̀ Tọ́ọ̀gì Tó Ń Fọ́ Yìnyín?

Orí yìnyín gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí Yorùbá mọ̀, òjò ló ń gbé e bọ̀: á máa ró lórí páànù, ọmọdé á sì ṣà á jẹ. Èyí tó ń bo odò Hudson ní Amẹ́ríkà nígbà òtútù kì í ṣe wóró. Pẹlẹbẹ ni, ó sì lè dínà mọ́ báàjì tó ń gbé epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná lọ sí ìlú Albany. Àwọn kan á ní ká pè é ní omi dídì. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ṣẹ̀dá orúkọ mìíràn, á wúwo lẹ́nu. Yìnyín náà ni ká mú, ká ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà ní mẹ́sàn-án irú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 140. Katmai Bay ló ṣíwájú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Ẹni tó bá pè é ní afakọ̀ sọ ìdajì, torí tọ́ọ̀gì ń fa ọkọ̀, ó sì ń tì í. Ẹ jẹ́ ká kúkú yá tọ́ọ̀gì lò, láti ara “tug” Gẹ̀ẹ́sì.

Agéyìnyín kò bá a mu rárá. Imú ọkọ̀ náà dagun. Ńṣe ló ń gun orí yìnyín, tí ìwúwo rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Afọ́yìnyín ló tọ́. Yìnyín tó nípọn tó íǹṣì 20 kì í dá a dúró. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á padà sẹ́yìn, á tún sáré wá. Ibí yìí ni èdè wa kò ti nílò àyálò kankan: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Kíkàn ni ká máa pè é. Bó ṣe ń kàn án léraléra, ó lè la yìnyín tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ẹ̀rọ kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde lábẹ́ omi, kí omi lè máa hó láàárín irin àti yìnyín, kí yìnyín má baà di ọkọ̀ mú. Amómihó ni mo pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn létí, àmọ́ ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ku ẹyọ kan. Kì í ṣe gbogbo afọ́yìnyín ni tọ́ọ̀gì. Mackinaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àwọn Adágún Ńlá (Great Lakes) láti 2006, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 240: ọkọ̀ afọ́yìnyín nìyẹn. Tọ́ọ̀gì afọ́yìnyín ni Katmai Bay. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe méjèèjì ní orúkọ kan náà.