Béèsì Gìtá, Èjìká àti Igi Arère

Ẹni tó bá ń tún gìtá ṣe ní Ìbàfò yóò gbọ́ ẹjọ́ èjìká ju ẹjọ́ ohùn lọ. Àwọn ọmọ tó ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì á gbé gìtá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọn á kí mi tán, wọn á wá sọ̀rọ̀ sábẹ́ ohùn bí ẹni tó ń fẹjọ́ alágbàtọ́ sùn: “Ẹ̀gbọ́n, gìtá yìí ti fẹ́ bọ́ mi léjìká. Ẹ bá mi dín in kù.”

Ẹjọ́ náà kò yà mí lẹ́nu, torí ilẹ̀ ìṣọ́ òru ni ilẹ̀ wa yìí. Lọ́dún 1978 ni ìjọba ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Nígbà tó di 1983, ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ lẹ́bàá Mowe, àwọn ìjọ mìíràn náà sì tẹ̀ lé wọn wá sí ojú ọ̀nà kan náà. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń wá gbàdúrà di òru mọ́jú kò kúrò lọ́nà yìí, àgàgà lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Oníwàásù lè jókòó sinmi díẹ̀. Akọrin lè pa ohùn dà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ta béèsì ńkọ́? Ìdúró ló bá a. Bí béèsì bá dákẹ́, gbogbo ìjọ ló máa mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò mọ ìyà èjìká yìí. Agídìgbo ló ń dún ohùn ìsàlẹ̀ fún orin wọn. Àpótí pákó tó nínú ni, tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú. Alágídìgbo á jókòó, á gbé e lé itan tàbí kó fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn, á máa fi ìka ta á. Òfìfo ni inú rẹ̀, inú òfìfo yẹn sì ni ohùn ti ń jáde. Láyé àwọn olórin bíi Adeolu Akinsanya àti J.O. Araba ní Èkó, agídìgbo kì í ṣe ohun èlò ọmọdé rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Araba yìí ni Fatai Rolling Dollar ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1953, agídìgbo ló sì ń ta níbẹ̀. Nígbà tí òun náà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1957, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni Ebenezer Obey, ọmọ tí wọ́n bí sí Idogo lọ́dún 1942.

Áńpù ló lé agídìgbo kúrò lójú agbo. Lọ́dún 1949 ni Ayinde Bakare ti fi iná sí gìtá jùjú. Bí gìtá ṣe ń pariwo sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àpótí ń rì. Nígbà tó máa fi di àwọn ọdún 1970, tí gìtá ti pọ̀ lọ jàra nínú ẹgbẹ́ Obey àti ti Sunny Ade, béèsì gìtá ti jókòó sí ipò agídìgbo pátápátá. A gba ohùn, a sì gba ẹrù mọ́ ọn.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé torí kí ẹrù lè fúyẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe béèsì gìtá. Béèsì ńlá tí wọ́n ń pè ní double bass ga ju ènìyàn lọ, ó sì tó nǹkan bíi kílò mẹ́wàá. Kò ṣeé kì bọ mọ́tò bọ̀rọ̀. Leo Fender ní California ló wá gbé Precision Bass jáde lọ́dún 1951, igi tó dì tí kò ní ihò nínú, kó má baà máa hu níwájú áńpù. Ó fúyẹ́ ju double bass lọ fíìfíì. Àmọ́ ìyẹn, ilẹ̀ ló ń gbé e ró. Eléyìí, èjìká òsì nìkan ni. Lọ́dún 1954, Fender fá ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ díẹ̀ kó lè bá ara mu. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1970, igi tí wọ́n ń lò tún wúwo sí i, débi pé òmíràn nínú béèsì ìgbà náà ju kílò márùn-ún lọ.

Àwọn tó ṣe é náà mọ̀ pé ó wúwo. Lọ́dún 1968 ni ilé iṣẹ́ Fender gbẹ́ inú gìtá Telecaster kan, tí wọ́n pè ní Thinline, torí igi tó fúyẹ́ ti ń wọ́n wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Gibson bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò mẹ́sàn-án sínú ara gìtá Les Paul kí wọ́n tó fi pákó mìíràn bò ó lójú. Ẹni tó rà á kò ní mọ̀. Ned Steinberger ní tirẹ̀ gé orí béèsì dànù, ó pa igi tì, ó fi káábọ̀nù ṣe é. Mo gbóṣùbà fún un, àmọ́ ojú mi ò gba gìtá tí kò lórí.

Èmi rò pé ó yẹ ká bi àwọn agbẹ́lù ká tó bi ẹnikẹ́ni. Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n máa ń wá fún ìlù, wọn a sì máa fẹ́ràn èyí tó hù lẹ́bàá ọ̀nà, torí wọ́n ní ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tipẹ́. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n á gbẹ́ dé kí igi tó fọ̀. Ọ̀rọ̀ igi náà kò sì kọjá wa: nígbà tí Gibson ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, afárá ni wọ́n fi ṣe é, igi inú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, tí wọ́n kàn fún lórúkọ ọjà mìíràn.

Nítorí náà, bí ara gìtá bá burú ju àtúnṣe lọ, arère ni mo fi ń gbẹ́ òmíràn. Kúbíìkì mítà kan arère tó gbẹ dáadáa kò ju nǹkan bíi kílò 380 lọ. Ti afárá tó 550, ìrókò ju 600 lọ, apá sì súnmọ́ 800. Ẹni tó bá fi apá ṣe béèsì ń wá ẹjọ́ ni. Àléébù arère ni pé ó rọ̀. Kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, bí omi bá sì wà lára rẹ̀, á dúdú. Ìṣó onídè kì í pẹ́ yọ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kan èèkàn ìrókò kékeré síbi tí okùn èjìká àti irin tó gbé okùn gìtá ró bá máa wà.

Bí ẹni tó ni ín kò bá fẹ́ pààrọ̀ ara rẹ̀, mo lè gbẹ́ inú rẹ̀ lábẹ́ ike tó bo ojú rẹ̀. Ìdajì kílò lè kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í rò. Bí ara bá fúyẹ́ tán tí orí ṣì wúwo, gìtá á máa dorí kodò, ọwọ́ òsì á wá di èyí tó ń gbé e ró, tí kò ní ráyè tẹ okùn. Orí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mo máa ń yọ àwọn kọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n fi ń fa okùn le, màá fi ti alumíníọ̀mù sí i. Ó fúyẹ́ díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ èjìká á mọ̀ ọ́n kíá, torí ibi tó jìnnà jù lọ sí ara ni kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn wà.

Béèsì àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó, n kì í lu ihò kankan sí i. Owó rẹ̀ lórí igbá ju ohun tí èjìká ẹnikẹ́ni lè san lọ. Tà á, kí o ra èyí tó fúyẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ta béèsì, kí ẹ tó gbé e wá fún mi tàbí fún káfíńtà àdúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Bí kò bá tó kílò mẹ́rin àbọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kàn án: ẹ lọ ra okùn awọ tó fẹ̀, kí ẹ sì bẹ olórí akọrin yín kó fún yín ní àga.