Ẹ̀tù Inú Àdó Ọdẹ

 

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a wà ní Ifọ̀nyìntẹ̀dó, ní ilẹ̀ Yewa tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ní ẹ̀bá ààlà ilẹ̀ Benin tí ń jẹ́ Dàhọ̀mì títí di 1975. Ọdẹ méjì wọ igbó kan náà lóru. Ìbọn ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, alágbẹ̀dẹ kan náà ni ó sì rọ ọ́ fún wọn. Èkínní yìn, ẹran ṣubú. Èkejì yìn, ìbọn hó ṣìì bí iná tí a da omi sí, ẹran sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ni ó fà á? Àwọn kan yóò ní oògùn ni. Àwọn mìíràn yóò ní ojú ọdẹ kejì ni kò mú. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oògùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ọdẹ àgbà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé: irú ẹ̀tù wo ni ó kì sí i?

Ẹ̀tù ìbọn kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: èédú, imí ọjọ́, àti irú iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, tí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ yìí ni ó dà bí èémí fún iná, tí ẹ̀tù fi lè jó nínú ọ̀pá irin tí afẹ́fẹ́ kò sí. Bí ó bá ti gbiná, a di èéfín gbígbóná, èéfín a máa wá ọ̀nà jáde, a sì ti ọta síwájú.

Ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé etíkun wa, ní Wídà, ní Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, àti ní Àgbádárìgì. Ó dunni láti sọ, ṣùgbọ́n ìtàn ni: fún ọjọ́ pípẹ́, ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń san owó rẹ̀, kí epo pupa àti èkùrọ́ tó gba ipò ẹrú. Ẹ̀tù tí a fi ènìyàn rà ni a tún fi ń mú ènìyàn mìíràn. Ilẹ̀ Yewa jẹ nínú ìyà náà, nítorí ó wà láàrín Dàhọ̀mì àti Abẹ́òkúta. Ní 1848 ni ogun Dàhọ̀mì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn. Ní 1862 wọ́n fọ́ Ìṣágà. Ní 1851 àti 1864 wọ́n gbógun lọ sí Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin ológun wọn tòun ti ìbọn léjìká.

Nígbà tí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, láti 1877 títí dé 1893, ìbọn mìíràn ti yọjú, èyí tí a ń ki kátíríìjì bọ̀ láti ìdí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà yíyípo nínú ni, tí ń mú kí ọta máa pòyì bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Bí òkòtó ṣe ń dúró ṣánṣán nígbà tí ó bá ń pòyì, bẹ́ẹ̀ ni ọta náà kì í yà kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ló wá dé tí irú ìbọn yìí kò fi wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ wa? Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nítorí àti fi òpin sí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ̀ pé láti ìlà 20 ní àríwá agbedeméjì ayé dé ìlà 22 ní gúúsù, a kò gbọ́dọ̀ kó ráìfù àti kátíríìjì rẹ̀ wọlé fún títà fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí a lè yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́, àti ẹ̀tù lásán tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tù òwò. Ifọ̀nyìntẹ̀dó kò tó ìlà 7. Ní oṣù Kẹjọ 1889, kí ọdún náà tó yípo, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà gba àárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, Ifọ̀nyìn kan bọ́ sí apá ọ̀hún, òmíràn sí apá ìhín. Nítorí náà, kí ọdẹ tó yan ẹ̀tù, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ rí ti bá a yàn án.

Síbẹ̀, nínú ohun tí wọ́n ṣẹ́kù fún un, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀tù kò dọ́gba. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi a máa jó pẹ̀lẹ́. Èyí tí ó kúnná a máa jó wàràwàrà. Fún ìbọn olókùúta, èyí tí ó kúnná ni ó yẹ ojú iná, kí ó lè tètè gba iná òkúta. Èyí tí hóró rẹ̀ le díẹ̀ ni ó yẹ inú ọ̀pá. Ẹ̀tù tí àgbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú ọ̀nà a máa fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, bí a bá sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́, yóò kun ọwọ́ bí èédú. Èyí tí òtútù òjò ti mú yóò dì pọ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ìgbàanì a máa fi iná kan ìwọ̀n ṣíún lórí ìwé funfun: ẹ̀tù rere a bú lẹ́ẹ̀kan, kò ní fi ìdọ̀tí púpọ̀ sílẹ̀, ẹ̀tù burúkú a jó ìwé, a sì fi hóró ṣíṣù sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dán an wò. Ìka tí ẹ̀tù bá gé kì í hù padà.

Ìwọ̀n tún ń bẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ tí ń di kátíríìjì wọn fúnra wọn a máa fi òṣùwọ̀n kékeré wọn ẹ̀tù fún ọta kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má baà ju èkejì lọ, nítorí bí ẹ̀tù bá pọ̀ lónìí, tí ó dín lọ́la, ọta kò ní bá ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan náà ni ọdẹ tí ń fi ọmọrí àdó kan ṣoṣo wọn ẹ̀tù ń ṣe. Ẹni tí ń fi ojú ṣe ìwọ̀n ni ń bú alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀tù dúdú a tún máa fi pàǹtí sílẹ̀ nínú ọ̀pá, débi pé bí a bá ti yìn ín ní ìgbà mélòó kan, ọ̀nà a há. Omi gbígbóná ni a fi ń fọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà fi ọwọ́ pàtàkì mú. Ní 1884, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú. Òun àti irú rẹ̀ ni ó wà nínú kátíríìjì òde òní. Ẹni tí ó bá tú u jáde, tí ó dà á sínú ṣakabùlà nítorí pé kò rí ẹ̀tù dúdú rà, ti da ikú sí i. Ọ̀pá tí a rọ fún ẹ̀tù dúdú kò lè gbà á, ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tí ó yìn ín ni yóò sì bẹ́ sí. Òfin ìbọn ti 1959 pàápàá ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ sí ìpín tirẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ní i gba ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, ọdẹ Ifọ̀nyìntẹ̀dó tí ó mọṣẹ́ kì í yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pá rẹ̀ dán, ọta rẹ̀ kì í pòyì, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì kì. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n ni ó wà níwájú rẹ̀, kò ní sí àyè àtiki èkejì. Yóò rọra sún mọ́ ọn. Nígbà tí ó bá yìn, èéfín funfun yóò bo iná àtùpà orí rẹ̀, kò ní rí iwájú, kò sì tíì mọ̀ bóyá ó bà á. Yóò dúró gbọnin, yóò máa fi etí wá ẹran.