Kámẹ́rà Fídíò ní Mafolúkù: Ọwọ́ Ta Ni Ìrántí Wa Wà?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé Betamovie jáde ní 1983, tí JVC sì gbé GR-C1 tẹ̀ lé e ní 1984, ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn ni bàbá tàbí ìyá kan tí yóò ra kámẹ́rà fídíò, tí yóò máa fi ya ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tó ń rákò títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó, tí yóò sì kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ sínú ilé ara rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ nípa ẹ̀rọ yìí títí dòní: ẹnì kan ló rà á, òun ló lò ó, òun náà ló tọ́jú ohun tó fi yà. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́ níbi tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ní Mafolúkù ní Èkó. Ní àdúgbò yìí àti káàkiri Òṣòdì, onífídíò ló ni kámẹ́rà, ẹni tó ń ṣe ìnáwó ló ni ọjọ́, àwọn ẹbí tó wà lẹ́yìn odi ló sì ń retí kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé pípín tí a pín in bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ayálégbé oníyàrá kan ní àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀, àwòrán tó ń rìn, tó sì ń sọ̀rọ̀. Òun kan náà ló sì fà á tí púpọ̀ nínú ojúlówó àwòrán wọ̀nyẹn kò fi sí mọ́.

Ibi tí Mafolúkù wà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà láàárín Òṣòdì, níbi tí ojú irin àti àwọn òpópónà ńlá ti pàdé, àti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ilé èrò tuntun rẹ̀ ní 1979. Ilé oníyàrá púpọ̀ tí ìlẹ̀kùn wọn kọjú síra ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó sì kún inú wọn jẹ́ oníṣòwò, awakọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ tó wá láti ìlú oríṣiríṣi. Ẹni tí kò ní àgbàlá tirẹ̀, ojú títì ni yóò ti ṣe ìkómọjáde. Yóò dí òpópónà, yóò na kánópì, yóò to àga, gbogbo àdúgbò yóò sì mọ̀ pé ìnáwó wà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá ra kámẹ́rà olówó gọbọi nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo? Ó sàn kó bẹ onífídíò lọ́wẹ̀, bó ṣe ń bẹ alásè, onílù àti ayàwòrán. Bí wọ́n sì ṣe ń gbọ́ ariwo bàálù lórí òrùlé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rántí pé èèyàn wọn kan wà ní Peckham ní Ìlú Ọba tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà tí kò ráyè wá sí òde yẹn.

Iṣẹ́ onífídíò kò ṣàdédé hù. Orí iṣẹ́ fọ́tò ló hù sí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn Yorùbá ní ìlànà tiwọn nínú fọ́tò: àgbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, aṣọ rẹ̀ á sì tẹ́ kí ipò rẹ̀ lè hàn. Ó tún rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì nínú àwọn ilé kan. Ìyẹn ni pé kí fídíò tó dé, a ti mọ ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ àwòrán: kó jẹ́rìí pé lágbájá wà, pé ó wà nípò rẹ̀, pé àwọn èèyàn rẹ̀ sì yí i ká. Ìdí nìyẹn tí onífídíò fi máa ń lọ láti tábìlì kan sí èkejì, tó ń dúró lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan títí onítọ̀hún yóò fi rẹ́rìn-ín tàbí gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tó bá sọ pé àwòrán bẹ́ẹ̀ ti gùn jù kò mọ̀ pé ìwé orúkọ àwọn tó bá wa ṣe é ni onífídíò ń fi ojú kámẹ́rà kọ.

Ọrọ̀-ajé ló ti iṣẹ́ náà síwájú. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí náírà sì já lulẹ̀, owó fíìmù tí wọ́n ní láti lọ fọ̀ nílẹ̀ òkèèrè di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eléré kò ká mọ́. Wọ́n yíjú sí kámẹ́rà VHS. Ṣóṣo Méjì, tí Ade Ajiboye ṣe ní 1988, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí eré Yorùbá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fídíò ṣe fún títà. Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá tẹ̀ lé e ní 1989, Kenneth Nnebue ló sì náwó sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nnebue gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ṣe irú eré wọ̀nyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí onífídíò òde ń gbé sí èjìká lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn sinimá wa tó sì fo onífídíò òde dá, ó ti fo ibi tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ náà ti yá dá.

Ní 1995 ni kámẹ́rà díjítà oní-MiniDV dé ọjà àgbáyé. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó páálí ìṣáná méjì, síbẹ̀ ó ń gba àwòrán wákàtí kan, àwòrán náà sì mọ́ ju ti VHS lọ dáadáa. Anfààní tó tóbi jù ni pé bí a bá dà á kọ láti díjítà sí díjítà, ẹ̀dà kò ní ṣá, nígbà tí ẹ̀dà VHS tí a tún dà kọ máa ń fọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ra kámẹ́rà lè di ìṣòro. Èyí tí wọ́n bá rà ní Amẹ́ríkà, ìlànà àwòrán NTSC ló ń lò, ìlà 525. Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ń lo PAL nígbà náà, ìlà 625. Kámẹ́rà tí mọ̀lẹ́bí bá gbé ti Houston bọ̀, bí wọ́n bá so ó mọ́ tẹlifíṣàn tí kò mọ̀ ju PAL lọ, àwòrán lè di dúdú òun funfun, ó sì lè máa yí gbiri lójú gíláàsì. Bákan náà ni kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti Òṣòdì dé Houston nínú báàgì arìnrìn-àjò, ojú lásán ni wọ́n lè máa fi wò ó níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni tó lè yí i padà. Ẹni tó wà ní Peckham kò ní wàhálà yẹn.

Àwọn tó lo kámẹ́rà kékeré wọ̀nyí lábẹ́ ojú ọjọ́ wa mọ̀ pé wọn kò ṣe é fún ojú ọjọ́ wa. Bí onífídíò bá gbé e jáde láti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà bọ́ sínú ooru tí ọ̀rinrin kún, ìrì á sẹ̀ sára hẹ́ẹ̀dì tó ń ka téèpù. Kámẹ́rà á gbé àmì ìrì sójú, á sì kọ̀ jálẹ̀ láti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ti ń jó wọlé. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni yóò bá hẹ́ẹ̀dì náà jà, àwòrán á já sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ohùn á sì máa gé. Bó bá dalẹ́, kámẹ́rà kékeré kò ríran dáadáa, nítorí náà iná kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, iná yẹn sì ń fẹ́ bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní LP, tó ń jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan gba wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná á lò ó, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tí kámẹ́rà kan yà ní LP, kámẹ́rà mìíràn lè má lè kà á. Bí kámẹ́rà yẹn bá kú, àwòrán inú kásẹ́ẹ̀tì náà lè bá a kú.

Àwọn àléébù wọ̀nyí kọ́ ló kó ìrántí wa lọ jù. Ìṣirò owó ni. Wákàtí kan àwòrán DV ń gba nǹkan bíi GB 13 nínú kọ̀ǹpútà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní ju GB 20 sí 40 lọ. Kò sí onífídíò kan tó lè tọ́jú òde ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Yóò tò ó, yóò dà á sórí VHS, nígbà tó yá sórí VCD, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì fi kásẹ́ẹ̀tì kan náà ya òde tó tẹ̀ lé e. Fífẹ̀ àti gíga àwòrán DV ní ìlànà PAL jẹ́ 720 sí 576. Ti VCD jẹ́ 352 sí 288, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Nítorí náà, ohun tó dé ọwọ́ onínàáwó jẹ́ ẹ̀dà tó ti ṣá, nígbà tí ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìdí kankan láti pa á mọ́. Èmi kò dá onífídíò lẹ́bi. Kò sí ẹni tó sanwó ìtọ́jú fún un. Owó yíyà nìkan ni wọ́n san.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni a fẹ́ fi fídíò òde ṣe, pé àṣehàn lásán ni, owó níná àti ijó jíjó. Òótọ́ ni pé àṣehàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kì í wá ohun tí a fẹ́ fi hàn nìkan. Ó ń wá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú fídíò bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìyá àgbà kan tó ń ki oríkì lédè àdúgbò rẹ̀, láìfi ti ilé-ìwé kún un. Níbẹ̀ la ti ń rí irú aṣọ ẹbí tó wọ́pọ̀, bí alága ìdúró àti alága ìjókòó ṣe ń ṣe, àti orin tí onílù ń fi gba owó. Ẹ̀yìn kánópì la sì ti ń rí òpópónà fúnra rẹ̀. Ní January 2009 ni ìjọba Èkó kó àwọn ọjà etí títì kúrò ní Òṣòdì; ní January 2016 ni wọ́n tún wó ọjà Owónífàrí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbègbè náà ṣe rí kí katakátá tó wọ ibẹ̀, tí kò sì fẹ́ gba ti oníròyìn nìkan gbọ́, ibo ni yóò ti rí ẹ̀rí mìíràn bí kò ṣe nínú fídíò àwọn tó ń gbé ibẹ̀?

Àwọn mìíràn á ní fóònù ti dé, pé gbogbo wa ti di onífídíò. Èyí ló lágbára jù nínú àtakò, nítorí pé fóònù ti dá kámẹ́rà padà fún olúkúlùkù, ó sì ti fún ẹni tó yà á ní agbára láti tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè padà lọ ya 1998. Àwọn tó jó nínú kásẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, kò sì sí ohùn wọn níbòmíràn. Àkókò náà kò dúró de ẹnikẹ́ni: ní July 2016, ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán, ké gbàjarè káàkiri àgbáyé pé ẹ̀rọ tó lè ka téèpù ń tán, pé ohun tí a kò bá dà kọ láìpẹ́ lè má ṣeé dà kọ mọ́. Bí àwọn ilé ìṣúra ńlá bá ń bẹ̀rù, mélòó mélòó ni ti kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ibùsùn ní Mafolúkù?

Nígbà tó jẹ́ pé àjọni ni kámẹ́rà yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àjọṣe ni ìtọ́jú ohun tó yà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìdílé tó bá ní VHS, MiniDV tàbí VCD nílé, kí wọ́n kó o jáde, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí i, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ láti dà á sínú kọ̀ǹpútà, ó kéré tán ẹ̀dà méjì, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin onífídíò àtijọ́, ẹ yẹ inú àpótí yín wò kí ẹ tó da kásẹ́ẹ̀tì nù, ẹ sì pe àwọn oníbàárà yín. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ onílé lè ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún gbogbo àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà kan ṣoṣo ṣe sin ọ̀pọ̀ ìdílé nígbà náà. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ̀rọ tó ń kà á tó tán.