Ẹ̀rọ Fọ́tókọ́pì Tí Mo Gbé Wọlé

Ikán ló fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bàbá mi, kí ọlọ́jọ́ tó dé, a máa kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé: iye tí ó ta kòkó, orúkọ ẹni tí ó yá lówó, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé wọ̀nyí kún àpótí kan. Nígbà tí mo ṣí àpótí náà lẹ́yìn òjò, ikán ti sọ mẹ́ta nínú wọn di erùpẹ̀. Mo ní kí n tètè ṣe ẹ̀dà ìyókù sínú kọ̀ǹpútà kí gbogbo rẹ̀ tó tán.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọ́fíìsì kan nítòsí ń ta ẹrù àtijọ́ wọn ní gbàǹjo. Mo ra ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kan níbẹ̀, ràbàtà báyìí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́ tìfuntẹ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé eléyìí ti dàgbà?" Mo ní èmi náà ti dàgbà, iṣẹ́ ni mo ní kó wá ṣe.

Ìyà tí ẹ̀rọ náà fi jẹ mí ló mú kí n wádìí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Chester Carlson, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ tòṣì, ló hùmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní New York jẹ mọ́ ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ ohun tuntun, ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí kì í sì í tó rárá. Kí wọ́n tún un tẹ̀ lórí tàípúráítà, tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún onífọ́tò, méjèèjì ló ń jẹ àkókò. Ojú Carlson kò ríran jìnnà, oríkèé sì ń ro ó. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1938, nínú yàrá kékeré kan ní Astoria, òun àti Otto Kornei, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, mú irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi imí-ọjọ́ bò, wọ́n sì fi aṣọ nù ún kíkankíkan. Ẹ ti rí i bí òòyà oníke ṣe ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra lẹ́yìn tí a bá fi ya irun gbígbẹ? Irú agbára yẹn ló wọ ara irin náà. Wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ̀wé sí lé e, wọ́n tan gílóòbù sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn, agbára sá lọ. Ibi tí òjìji lẹ́tà bò, agbára kù síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e, ibi lẹ́tà nìkan ni ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́. Wọ́n tẹ bébà onída mọ́ ọn, ohun tó sì jáde ni "10-22-38 ASTORIA".

Ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ mi. Tóńà ni ìyẹ̀fun rẹ̀, ooru ló sì ń yọ́ ọ mọ́ bébà. (Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ mi fi ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa nígbàkúùgbà tí mo bá tan án.)

Ilé iṣẹ́ tó lé ní ogún ló sọ fún Carlson pé àwọn kò fẹ́. Ọdún 1944 ni Battelle gbà á, Haloid ti ìlú Rochester sì tẹ̀ lé e ní 1947. Haloid yìí ló padà di Xerox. Ẹ̀rọ 914 wọn jáde ní 1959: ó wúwo tó kílò 294, bébà a sì máa gbiná nínú rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ohun ìpaná ṣe ènì fún oníbàárà. Síbẹ̀ ayé ya lù ú. Carlson lówó títí, ó sì ti fi èyí tó pọ̀ jù ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ kí ó tó kú ní 1968.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní nǹkan bí 1971, Gary Starkweather, òṣìṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, tún ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ṣe kí ìmọ́lẹ̀ lésà lè máa kọ ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ sí i lára. Ṣùgbọ́n báwo ni kọ̀ǹpútà púpọ̀ yóò ṣe máa rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo? Robert Metcalfe, tí òun náà wà níbẹ̀, kọ ìwé kan ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, 1973, lórí wáyà kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò. Ó pè é ní Ethernet. Òun àti David Boggs ló sì kọ́ ọ. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí wáyà náà, kálukú á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí kò dọ́gba, lẹ́yìn náà ni á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. (Ì bá ṣe pé ìpàdé ẹbí wa rí bẹ́ẹ̀!) Nítorí náà, wáyà tí mo ń kì bọ ẹ̀yìn fọ́tókọ́pì mi, nítorí ọmọ ìyá fọ́tókọ́pì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Kí ló wá dé tí wọn kò gbọ́ ara wọn?

Kí kọ̀ǹpútà rán ìwé sí i kó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn kò le. A so ó mọ́ ráútà, a fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ń tẹ̀wé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí òun ya àwòrán ìwé kó sì fi í sínú kọ̀ǹpútà, ó kọ̀ jálẹ̀. Òru mẹ́ta! Mo ra wáyà tuntun, owó dànù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tà á fún oníkọ́ńdẹ́mù."

Àṣé wáyà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Èdè tí ẹ̀rọ mi fi ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ni SMB1. Ní oṣù karùn-ún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò tó wà nínú èdè yẹn wọlé káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ń dá aláìsàn padà. Láti ìparí ọdún yẹn, Windows tuntun kì í sábà bá SMB1 wá mọ́. Ẹ̀rọ mi ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tó wà nínú ilé kò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan ní kí n ṣí èdè náà padà. Mo ní rárá, n kò ní torí ẹ̀rọ gbàǹjo ṣílẹ̀kùn fún olè. Nígbà tó yá ni a rí i pé ẹ̀rọ náà gbọ́ èdè mìíràn, FTP, tí wọ́n ti ń lò láti 1971. Òun náà kò láàbò, nítorí gbangba ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nítorí náà, orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ni a fi í sí, a kò sì jẹ́ kó jáde kúrò nínú ilé.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, ó ń ka ọwọ́ bàbá àgbà tí kò bá láyé: iye àpò kòkó, owó tí wọ́n jẹ, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí bàbá tirẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, ẹ mú èyí tó kàn wá."