Owó kọ́ìnsì tó yàtọ̀: èwo ni àṣìṣe ilé iṣẹ́, èwo ló kàn bàjẹ́?

Ní Kabala Doki àti káàkiri Kàdúná, owó onírin àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà wa: ànìní, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. (Àwọn Hausa aládùúgbò wa náà ń pè é ní kwabo, taro, sisi, sule.) Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín ní àṣìṣe lára, pé ó tó mílíọ̀nù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná.

Àṣìṣe tòótọ́ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rọ owó náà. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ róbótó, wọ́n á gbé e sáàárín irin òǹtẹ̀ méjì, òrùka irin á ká a mọ́, wọ́n á wá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá bá a lẹ́yìn ìyẹn, ìbáà ṣe òòlù, iná tàbí táyà ọkọ̀, ìbàjẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ihò. Láti ilé iṣẹ́ ni ànìní àti kọ́bọ̀ ayé òyìnbó ti ní ihò láàárín, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí orí ọba níbẹ̀, àfi orúkọ rẹ̀ àti adé. Èyí tí kò ní ihò rárá, tàbí tí ihò rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló lè jẹ́ àṣìṣe. Ẹ ṣáà wò ó bóyá òjé ni wọ́n fi dí i. Ṣílè tó ní ihò létí ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ fi kọ́rùn ló lu ú.

Àwọ̀ náà ń tan èèyàn. Ṣílè ọdún 1913 fàdákà ni, àmọ́ láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ ṣe é, nítorí náà ṣílè pupa kì í ṣe àṣìṣe. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ọdún 1991, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Bí bàbà bá ṣí, inú á funfun, mágínẹ́ẹ̀tì á sì mú un. Ti ọdún 1973, mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un.

Ìlà tó yọ sókè lára owó, irin òǹtẹ̀ ló sán. Ìlà tó jin wọlé, nǹkan ló ha á. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá gé, ẹ wo etí tó kọjú sí i: bí ó bá jẹ́ láti ilé iṣẹ́, etí yẹn sábà máa ń rọ̀ tàbí kó parẹ́ díẹ̀. Bí etí náà bá le koko, ẹ fura sí sísọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó dojú kọ ẹ̀yìn, tí òdìkejì sì ti pẹlẹbẹ, owó méjì ni wọ́n fi òòlù lù pọ̀. Ẹni tó ní fáìsì ní Pantẹ́ka lè ṣe irú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, kẹ́ ẹ fi wé òmíràn tó jẹ́ ti ọdún kan náà. Ẹ má fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o. Fífọ̀ náà ìbàjẹ́ ni.

Ti náírà àti kọ́bọ̀ ìsinsìnyí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ba owó náà jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Títà á bí ọjà wà lábẹ́ ìyà kan náà.