Láti Orí Àpáàdì dé Kọ́bọ́ọ̀dù: Ìtàn Àtúnṣe Ohun Ìkẹ́rùsí nínú Ilé, àti Ẹ̀kọ́ Tó Kọ́ Olùkọ́

Ìfáárà

Tí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà, ẹni tó ṣe nǹkan la máa ń dárúkọ. Ẹni tó tún un ṣe kì í sábà sí nínú ìwé. Nínú bébà yìí, a tọ ipa ohun tí àwọn ará ilé fi ń kẹ́rù sí, láti orí igbá àti ìkòkò títí dé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé gbogbo ohun èlò ló ní bí ó ṣe ń bàjẹ́, ó sì ní bí a ṣe ń tún un ṣe. Bí ohun èlò bá yí padà tí ìmọ̀ àtúnṣe kò bá a yí padà, ààtàn ni ẹrù ilé ń lọ. Ushafa ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìlú amọ̀kòkò ni, ó sì wà lẹ́bàá olú-ìlú tuntun.

Ìgbà igbá àti ìkòkò

Àwọn Gbagyi ló ni Ushafa, ní agbègbè Bwari. Ọ̀pọ̀ ló mọ orúkọ ìlú náà nítorí pé Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹjọ ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ìkòkò mímọ níbẹ̀ ju àlejò yẹn lọ. Iṣẹ́ àwọn obìnrin Gbagyi ni. Ladi Kwali, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dara pọ̀ ní 1954 mọ́ ibùdó ìkọ́ni tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, tí à ń pè ní Abuja nígbà náà. Lónìí, àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Ìkòkò ló ń tọ́jú omi àti ọkà kí kọ́bọ́ọ̀dù tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Yorùbá. Bí igbá bá là, a ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó sì fi okùn rán an. Bí ìkòkò bá fọ́, ó di àpáàdì: a fi ń fọn iná, a fi ń bu omi fún adìẹ. Ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n tò sílẹ̀ láti fi tẹ́ àgbàlá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà títí dòní. Àwọn baba wa kò ka ohun tó fọ́ sí ohun tó tán.

Ìgbà àwọn Àgùdà

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó mú iṣẹ́ káfíńtà tó jinlẹ̀ dé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ẹ̀rí ọwọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Balthazar dos Reis, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ níbi Colonial and Indian Exhibition ní London ní 1886, nítorí tábìlì kan tó to ọnà sí lójú.

Igi gidi ni wọ́n ń lò: ìrókò, apá, ọ̀gànwó. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu igi kan, wọ́n á dá ihò sí èkejì, wọ́n á sì ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ṣe é tú. Bí ẹsẹ̀ kan bá jẹrà, a ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àtúnṣe ti wà nínú bí wọ́n ṣe kan án.

Ìgbà pákó alẹ̀mọ́

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ African Timber and Plywood ní Sapele ń ṣe páláńkì alẹ̀mọ́, tí à ń pè ní píláíwúùdù. Lẹ́yìn náà ni fọ́máíkà dé. Daniel O'Conor àti Herbert Faber ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1912, láti fi bo wáyà iná. Lẹ́yìn ìgbà náà ló di aṣọ orí tábìlì. Nígbà tí ìjọba gbé olú-ìlú wá sí Abuja ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991, ilé ń pọ̀ sí i ní àyíká rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òde òní.

Irú pákó yìí kò ní oríkèé tí a lè tú. Bí omi bá kàn án, á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Bí ìṣó bá ti yọ, ihò rẹ̀ kì í di ìṣó mú mọ́. Káfíńtà tó ń fi ọgbọ́n igi gidi tún un ṣe yóò máa kan ìṣó tó tóbi jù síbẹ̀, ihò náà yóò sì máa fẹ̀ sí i.

Àtúnṣe tó bá ìgbà mu

Bí ìdè ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá yọ, kí a fẹ ihò náà dáadáa, kí a fi gọ́ọ̀mù ki èèkàn igi gidi bọ̀ ọ́, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí a tó lu ihò tuntun sínú èèkàn náà. Kí a fi ọ̀dà tàbí fáníìṣì dí gbogbo etí pákó, pàápàá lábẹ́ ibi ìfọwọ́, nítorí etí ni omi ń bá wọlé. Bí fọ́máíkà bá ṣí, kí a fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí a tó fi tuntun lẹ̀ ẹ́.

Ní ti igi gidi, àsìkò ṣe pàtàkì. Ní ìgbà òjò igi máa ń wú, ilẹ̀kùn á há. Bí a bá fá a púpọ̀ nígbà náà, ọyẹ́ yóò dé, igi yóò sún kì, àlàfo yóò sì là. Kí a kọ́kọ́ wo ìdè rẹ̀, kí a sì dúró de ìgbà gbígbẹ. Kí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù má fara kan ògiri, kí a lè tètè rí ipa ikán. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìkádìí àti àbá

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, iṣẹ́ igi wọ inú ẹ̀kọ́ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ṣíṣe nǹkan tuntun la sábà fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò: àpótí ìjókòó, férémù. A dá a lábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi àtúnṣe sínú ìdánwò ọlọ́wọ́ọṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ wá, kí ó sọ irú pákó tó jẹ́, kí ó sọ ohun tó bà á jẹ́, kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Kò gba owó ìjọba. Ohun èlò ẹ̀kọ́ náà ti wà ní ilé olúkúlùkù wa. Bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n, ọmọ tó kọ́ yóò mọ̀ ọ́n, ìyá tó fi owó oṣù rẹ̀ ra kọ́bọ́ọ̀dù kò sì ní í gbé e lọ sí ààtàn nítorí ìṣó kan ṣoṣo.